Ilé Ló Ń Fi Ọmọ Sílẹ̀

Ayétòrò o, ìlú Àpọ́sítélì, ìlú tí wọ́n fi àdúrà tẹ̀ dó sórí ẹrẹ̀. Ayétòrò ọmọ Ìlàjẹ, mo wá kí ọ, mo bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Èmi tí mò ń ké yìí kì í ṣe ará ilé rẹ. Òjòkú ni wọ́n bí mi sí, nítòsí Ọ̀fà, níbi tí ilẹ̀ ti le, tí erùpẹ̀ ti pupa, tí ẹni tó bá rí odò Ọ̀yún nígbà òjò ti ń rò pé òun ti rí omi. Iṣu ni mo mọ̀. Ọkà bàbà ni mo mọ̀. Igi ẹ̀mí ni mo mọ̀ lójú oko. Ní Ìrá tó jẹ́ aládùúgbò wa, wọ́n ní ibẹ̀ ni Ọya ti wọlẹ̀. Òrìṣà omi tiwa a máa wọlẹ̀ ni, kì í jáde wá lé ọmọ aráyé kúrò nílé. Kí ló wá kan ọmọ erùpẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ òkun? Kí ló gbé ẹkún etíkun sí mi lẹ́nu?

Edé ni. Edé tí wọ́n ń fi agolo wọ̀n lọ́jà Owódé l'Ọ́fà, tí ìyá mi ń gún dà sínú ọbẹ̀. Ẹni tó ń tà á a máa pariwo pé ti Ìlàjẹ ni, pé kò níyanrìn nínú. A ó rà á, a ó gún un, a ó jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí pé àwọn ará ibẹ̀ ńkọ́, ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà. Mo jẹ ọ́, Ayétòrò, kí n tó mọ orúkọ rẹ.

Ní apá ọ̀dọ̀ wa, àwa la ni ẹkún ìyàwó. Bí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, yóò kúnlẹ̀ fún bàbá, yóò kúnlẹ̀ fún ìyá, yóò fi ohùn arò dágbére fún ilé tó bí i. Yóò kí òpó ilé. Yóò kí ẹnu ọ̀nà. Yóò kí ààrò tó ti ń dáná láti kékeré, yóò kí odò tó ti ń pọnmi. Omijé yóò máa bọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa gbè é. Ṣùgbọ́n ẹkún náà ní adùn nínú, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀: ọmọ ló ń lọ, ilé kò lọ. Bí ọkọ bá burú, ilé ń bẹ. Bí ìyá ọkọ bá le, ilé ń bẹ. Bó bá di ogún ọdún, bó bá di ọgbọ̀n, ọmọ yóò padà wá ṣe òkú bàbá rẹ̀ nínú ilé tó fi sílẹ̀, òpó tó kí yóò ṣì dúró níbẹ̀. Gbogbo ẹkún tí wọ́n kọ́ mi, ẹkún ẹni tó ń lọ ni. Wọn kò kọ́ mi ní ẹkún tí ọmọ jókòó tí ilé dìde. Ayétòrò, ohùn wo ni kí n fi ké ọ? Ọmọ rẹ kò kúrò. Ọmọ rẹ di òpó mú. Ìwọ lò ń lọ.

Láti Òjòkú a gba Ìkìrun, a gba Òṣogbo, a gba Iléṣà, a já sí Àkúrẹ́. Oǹdó, Òrè, Òkìtìpupa. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni iṣu ń dín lẹ́bàá títì, tí púpúrú ń pọ̀ sí i. Ní Igbókọ̀dá, ọkọ̀ ilẹ̀ sọ wá kalẹ̀, ọkọ̀ omi gbà wá. Mo di etí ọkọ̀ mú tọwọ́tẹsẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń wa ẹ́ńjìnì wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ fi sílẹ̀, àǹtí, ọkọ̀ yìí kò níbi tó ń sá lọ.” Omi dúdú, koríko létí omi, ilé orí òpó lọ́tùn-ún, ilé orí òpó lósì, ọmọdé tí kò ju ìka lọ tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sílé ìwé. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan bẹ̀rẹ̀ lókèèrè, ohùn tí kò sinmi. Mo bèèrè ohun tó ń dún. Wọ́n ní òun náà nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbọ́ etíkun, tẹ́ ẹ ń ro yanrìn funfun, tẹ́ ẹ ń ro igi àgbọn àti ẹṣin tí wọ́n ń háyà fún ọmọdé l'Ékòó, ẹ má wá a níbí. Ẹrẹ̀ ni etíkun ọ̀dọ̀ wọn, láti ìhà Ìlàjẹ lọ títí dé ẹnu Odò Benin. Etíkun ẹrẹ̀ Màhín ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é. Yanrìn, bí ìgbì bá gbé e lọ lónìí, ìgbì lè dá a padà lọ́la. Ẹrẹ̀ kì í padà. Ẹrẹ̀ a yọ́, a fẹ́lẹ́, a bá omi lọ síbi tí ojú kò tó. Ilẹ̀ náà kò sì ga ju omi lọ tó bẹ́ẹ̀, òkè kan kò sí tí èèyàn lè sá gùn. Ilẹ̀ tó rọ̀, ilẹ̀ tí kò ga: irú ilẹ̀ tí ẹni tí wọ́n lé nílé máa ń rí nìyẹn.

Wọ́n sì lé àwọn tó tẹ̀ ọ́ dó lóòótọ́. Kí n má bàa fi ẹkún purọ́, kì í ṣe gbogbo àṣà etíkun ló ṣeé fi yangàn. Ìlàjẹ ní ijó bírípo, ìdùnnú ni láti wò. Wọ́n ní Malókun tí apẹja ń bẹ̀ kó tó tẹ ọkọ̀. Wọ́n ní Ayélála tí òpùrọ́ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa Ayélála ni pé ẹrúbìnrin ni, òun ni wọ́n fi rúbọ kí ìjà àárín Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ́ lè parí, ẹ̀ṣẹ̀ tó kú fún kì í sì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n ń pa ìbejì níbẹ̀ nígbà kan. (Àwa ará òkè, ẹ jẹ́ ká rọra fi ọwọ́ bo ẹnu, àwọn baba ńlá tiwa náà pa ìbejì kí wọ́n tó gbẹ́ ère fún wọn.) Àwọn kan wá dìde nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù, ìjọ tí Mósè Orímọládé ọmọ Ìkàrẹ́ dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1925. Wọ́n ní àwọn kò ní í pa ọmọ mọ́, àwọn kò ní í bọ òrìṣà mọ́. Àwọn aládùúgbò wọn ṣe inúnibíni sí wọn. Wọ́n sún wọn títí wọ́n fi dé bèbè òkun gan-an, ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn du. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kíní 1947, wọ́n tẹ̀ ọ́ dó, Ayétòrò.

Ẹ bá mi pe ohun tí wọ́n ṣe, kí òkun gbọ́ ohun tó ń jẹ. Àpò kan ni gbogbo ìlú ń ná. Ẹni tó re òkun, ẹja rẹ̀ di ti gbogbo ìlú. Ẹni tó jókòó ti òfì, aṣọ rẹ̀ di ti gbogbo ìlú. Kò sí owó oṣù. Kò sí ìwọ̀fà. Kò sí ẹni tó sùn lébi tí ara ilé kejì yó. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, wọ́n ran bàtà, wọ́n se ọṣẹ, wọ́n yan búrẹ́dì. Wọ́n tẹ́ pákó láti ojúlé dé ojúlé kí ẹsẹ̀ ọmọ má bàa kan ẹrẹ̀. Ọba wọn náà ni olórí ìjọ wọn, aago kan náà ló ń pè wọ́n síbi àdúrà àti síbi iṣẹ́. Ní àwọn ọdún 1950, iná mànàmáná ń tàn lórí ẹrẹ̀ náà, nígbà tó jẹ́ pé fìtílà ni gbogbo wa ń tàn l'Òjòkú. Ìjọba kò ṣe é fún wọn. Òyìnbó kò ṣe é fún wọn. Ọwọ́ apẹja ló ṣe é, ọwọ́ tí iyọ̀ ti ha.

Ní 1968, àpò náà tú. Wọ́n gbà kí kálukú máa ṣòwò tirẹ̀. Stanley Barrett, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Kánádà tó lọ bá wọn gbé, kọ ìwé jáde ní 1977 lórí bí ìlú náà ṣe gòkè àti bó ṣe wálẹ̀. Ìtúká àpò ló ń pè ní ìwálẹ̀. Ì bá dúró kó wò ó.

Nítorí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ, mo bèèrè ilé ìwé, wọ́n nàka sí òkun. Mo bèèrè ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n nàka sí òkun. Mo bèèrè ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, wọ́n nàka sí òkun. Ìka kan náà ni, ọ̀nà kan náà ló ń nà sí, ó rẹ ọmọ tó ń mú mi kiri, ó kúkú fi ọwọ́ sílẹ̀ síbẹ̀ kó má bàa máa gbé e sókè gbé e sílẹ̀. Ó ń ka àdúgbò fún mi bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ará ilé tó ti kú: ibí yìí ni òpópónà kan wà, ọ̀hún ni ojúlé báyìí, iwájú ibẹ̀ ni pápá tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Omi ni mò ń rí. Omi pupa, omi eérú, òpó kan tó yọ orí, pákó kan tó ń léfòó. Ó ní ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i. Mo wò ó dáadáa.

Mo bèèrè àwọn àgbà tó tẹ̀ ọ́ dó, níbi tí wọ́n sùn sí. Wọn kò nàka. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé délé tí n kò lè gbé kalẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, bàbá a máa sùn sí ìta ilé tó kọ́, ọmọ a máa jókòó sórí sìmẹ́ǹtì bàbá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, a máa jẹ ẹ̀pà níbẹ̀, òkú àti alààyè a jọ máa gba atẹ́gùn. Òkun Ayétòrò kì í ya wọ iyàrá alààyè nìkan. Ó ń wú òkú. Ta ni yóò tún òkú rì? Ohùn wo ni wọ́n ń fi kí baba tó sùn tán tí omi tún jí?

N kò bá òkun jà. Òkun kò tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Yìnyín ilẹ̀ òtútù ń yọ́, omi gbogbo ayé ń gbóná, ó ń wú, ẹ̀fín tó sì fà á kò ti inú ààrò ìyá tó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ wá. Àwọn ará ìlú tún tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ epo: wọ́n ní kànga epo tó wà lójú òkun níwájú wọn àti odò tí wọ́n là fún ọkọ̀ elépo ló ṣí ilẹ̀kùn fún omi iyọ̀, tó pa igbó omi dídùn, tó pa ẹja inú rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Párábè, wọ́n gun orí pèpéle epo Chevron, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tó ń fa epo wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa omi àti iṣẹ́. Bàálù kékeré ilé-iṣẹ́ náà ló gbé sójà dé. Wọ́n yìnbọn. Ọmọ méjì kú. Àwọn tó kù gbé ẹjọ́ náà dé San Francisco, l'Amẹ́ríkà, fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ní 2008 àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ibẹ̀ ní Chevron kò jẹ̀bi. Epo ṣì ń jáde. Lálẹ́, láti orí pákó Ayétòrò, ẹ ó máa wo iná wọn lókèèrè, ó mọ́lẹ̀ rekete. Ìlú tó ti ń tan iná láti àwọn ọdún 1950 jókòó sínú òkùnkùn, ó ń wo iná ẹlòmíràn lójú omi tirẹ̀.

Ohun tí mo bá jà ni odi. Odi tí kò sí. Ní 2004, NDDC, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún agbègbè elépo, gbé iṣẹ́ odi òkun Ayétòrò síta fún agbaṣẹ́ṣe. Odi kò dìde. Ní 2009, wọ́n gba iṣẹ́ náà, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Odi kò dìde. Àwọn obìnrin rẹ gbé páálí lọ́wọ́, wọ́n tò sínú omi dé orúnkún, wọ́n kọ́kọ́ fi ohùn bẹ̀, wọ́n tún fi ohùn gégùn-ún. Aláṣẹ ń wá, aláṣẹ ń lọ. Wọ́n dé pẹ̀lú fìlà, wọ́n dé pẹ̀lú kámẹ́rà, wọ́n káàánú, wọ́n wọ ọkọ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Òkun kò ní kámẹ́rà, ṣùgbọ́n kò pa ìpàdé jẹ rí.

Ẹ má sì sọ fún mi pé agbára èèyàn kò ká òkun. Ní Keta, ní ilẹ̀ Gáánà, òkun jẹ ìlú àwọn Ewe fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ó jẹ ọjà, ó jẹ ilé òyìnbó, ó jẹ ilé ẹrú. Ìjọba Gáánà kó òkúta jọ, wọ́n kó iyanrìn jọ, wọ́n tún ilẹ̀ ṣe, wọ́n parí rẹ̀ ní nǹkan bí 2004, ọdún tí àwa ń tọwọ́ bọ ìwé tiwa. L'Ékòó náà, nígbà tí òkun Bar Beach ń ya wọ títì àwọn olówó ní Victoria Island, ta ló sọ pé kí wọ́n kó lọ? Wọ́n da òkúta àti kọnkéré sínú omi, odi tí wọ́n ṣètò pé yóò gùn tó kìlómítà 8.5, wọ́n tún fi iyanrìn ṣe ilẹ̀ tuntun sẹ́yìn rẹ̀, Eko Atlantic, wọ́n ń tà á. Ibi tí olówó wà, wọ́n ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òkun. Ibi tí apẹja wà, wọ́n ní àyípadà ojú ọjọ́ ni, kí a gbàdúrà.

Ayétòrò ń gbàdúrà, kí n sọ tibẹ̀ náà. Mo bá wọn nínú ìsìn. Aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán lórí pákó, ìlù, ìlù, àtẹ́wọ́ tó ń dún bí òjò. Òkun ń dún lẹ́yìn ògiri, wọ́n sì ń kọrin bo òkun mọ́lẹ̀. Àfi kí n sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ: orin wọn ròkè ju òkun lọ fún ìgbà díẹ̀, n kò sì rí ẹni tó ń sunkún níbẹ̀ àfi èmi àlejò. Lọ́dọọdún, bí oṣù Kíní bá pé ọjọ́ méjìlá, àwọn ọmọ rẹ a wọkọ̀ láti Èkó, láti Wárì, wọn a padà wá ṣe ọjọ́ ìbí rẹ. Wọn a jó lórí ìyókù ilẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ wálé a kọ́kọ́ fóònù sílé kó tó wọ ọkọ̀, kì í ṣe láti bèèrè àlàáfíà nìkan, láti bèèrè ibi tí ilé wà lọ́dún yìí.

Bẹ́ẹ̀ ni o. Nítorí ilé ń rìn. Wọ́n ń tú u ní iwájú, wọ́n ń kọ́ ọ sẹ́yìn. Pákó kan náà, páànù kan náà. Ẹlòmíràn ti tú u lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yìn náà sì lópin, nítorí ẹ̀yìn ìlú náà, irà ni. Ní ọdún 1969, nígbà tí Gáánà lé àwọn àlejò lọ, àwọn èèyàn wa láti Ọ̀fà, láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìnísà sá padà wálé pẹ̀lú ẹrù tí wọ́n lè gbé lórí. Ojú pọ́n wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n sá wá síbì kan ni. A máa ń sọ ọ́ ní ilẹ̀ wa pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Bí ilé bá wá di oko ńkọ́, bó bá jẹ́ pé inú ilé gan-an ni èèyàn ti ń sá, níbo ni yóò sinmi sí?

Ìyá kan ló fẹ́ dá mi lóhùn. Mo bá a níwájú ilé tó ku ìdajì, ó ń to pákó tó tú jọ, èyí tó ṣì le lọ́tọ̀, èyí tó ti jẹrà lọ́tọ̀. Ó ń sọ Ìlàjẹ, mo ń sọ tiwa, a ń pàdé ara wa láàárín. Ó bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo ní Òjòkú, ní Kwara, lẹ́bàá Ọ̀fà.

“Ọmọ mi, ṣé ilẹ̀ wà níbẹ̀?”

“Ilẹ̀ wà, Ìyá. Ilẹ̀ wà ju èèyàn lọ. Àwọn ọmọ ti lọ sí Ìlọrin, wọ́n ti lọ sí Èkó. Ilé òfìfo pọ̀ níbẹ̀.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo rò pé ilẹ̀ náà ló ń rò. Mo ti ń ṣètò rẹ̀ lọ́kàn mi, ilé bàbá mi tó ṣófo, kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ àbúrò.

“Òkun ńkọ́?”

“Òkun kò sí, Ìyá.”

“Odò ńkọ́?”

“Odò wà, ẹ mà. Ó máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.”

Ó gbójú sókè wò mí, àánú mi sì ṣe é, mo rí i lójú rẹ̀ kedere. Ó ní, “Ẹ̀yin náà mà ń jìyà.” Ó wá ní kí n gbé báàgì mi sílẹ̀, kí n bá òun gbá etí kejì pákó yìí mú, kí omi tó dé, nítorí ọmọ tó yẹ kó bá òun gbé e ti lọ sójú òkun láti òwúrọ̀.